Èémí Tinúọlá

Ìka méjì péré ni ọkùnrin náà fi di etí aṣọ funfun tí wọ́n fi bo àwo obì mú, kò sì wo àwo náà rárá. Ojú àwọn àlejò ni ó ń wò. Ó gbé aṣọ náà sókè díẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró bí ẹni tí ó gbọ́ ohùn kan lóde. Nígbà tí gbogbo ènìyàn inú pálọ̀ ti dákẹ́ láìmọ ìdí tí àwọn fi dákẹ́, ó fà á kúrò wẹ́rẹ́. Obì ni ó wà níbẹ̀. Obì àti orógbó àti ataare, bí ó ti máa ń wà ní gbogbo ilé tí wọ́n bá ti ń ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Síbẹ̀ àwọn àlejò ké "Háà!" pa pọ̀, bí ẹni pé ojú ọ̀run ni obì náà ti já bọ́.

Tinúọlá nìkan ni kò ké. Àyà rẹ̀ ti fún mọ́ ọn.

Ó mọ ọwọ́ yẹn.

Láti Ìlawẹ̀ ni òun àti Bámijókò ọkọ rẹ̀ ti wá sí Ìkẹ́rẹ́ ní òwúrọ̀ Sátidé náà, nítorí pé Lawrence ọmọ wọn ti rí ìyàwó. Ọdún kejì tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni. Lawrence wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kó láti Àkúrẹ́ wá sí Adó, sínú ọ́fíìsì kan tí àga kò tíì kárí, níbi tí òun àti ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ọmọ́tóyọ̀sí ti jọ ń jókòó sórí àpótí kan náà títí ọ̀rọ̀ fi di ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún Tinúọlá nípa bàbá ọmọ náà ni pé Bámigbóyè ni orúkọ rẹ̀, pé alàgbà ni nínú ìjọ, pé ó ń sin adìyẹ, àti pé bí ó bá ń ka ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, oorun kì í kun ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé Purofẹ́sọ̀ Kàyéfì ni.

Ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba afẹ́fẹ́ díẹ̀," ni ó wí, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Ọmọ ilé-ìwé ni Tinúọlá nígbà tí ó kọ́kọ́ rí ọwọ́ yẹn, ní Ìlawẹ̀, ọmọ tí ó máa ń jókòó sí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, tí tíṣà kì í sábà pe orúkọ rẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ń pe gbogbo kíláàsì. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri: Purofẹ́sọ̀ Kàyéfì, onídán, ń bọ̀! Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn kò sí ẹni tí ó gbọ́ ìṣirò sétí mọ́. Àwọn kan ní ó máa ń gbé ejò mì. Àwọn kan ní ó máa ń gba inú ògiri kọjá, pé ọmọ ìyá àwọn tí ó wà ní Ẹmùré fi ojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé gbọ̀ngàn. Ibẹ̀ ṣú bí ìdájí, òórùn eruku àti ti epo àgbọn tí àwọn ọmọbìnrin fi pa irun kún inú rẹ̀, ọkùnrin gíga kan sì jáde wá nínú kóòtù dúdú tí inú rẹ̀ pupa. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó dúró. Ó kàn dúró. Ìdúró yẹn ni Tinúọlá kọ́kọ́ máa ń rántí: bí àwọn ọmọ tí ẹgba kì í pa lẹ́nu mọ́ ṣe pa rọ́rọ́ nítorí ọkùnrin kan tí kò bá wọn wí.

Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Ìwọ ọmọ yìí. Ìwọ tí o wà lẹ́yìn."

Òun ni.

Ọkùnrin náà gbé ẹyin lé àtẹ́lẹwọ́ Tinúọlá, ó ní kí ó fi han gbogbo ilé. Ó gbà á padà, ó fi aṣọ ìnujú bò ó. Ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó sì pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń tọ́ oyin wò. Kò sí ẹni tí ó pe orúkọ náà bẹ́ẹ̀ rí, ìyá rẹ̀ pàápàá.

"Tinúọlá," ni ó wí, "ẹyin kò ní èémí. Ìwọ ní. Mí sí i."

Ó mí sí i. Aṣọ náà mì. Ọkùnrin náà ká a kúrò, òròmọdìyẹ kan sì ń ké fíofío lórí ọwọ́ rẹ̀, ó ń mi orí, ó ń wo Tinúọlá bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Kò sí ọjọ́ tí ó dùn tó ọjọ́ yẹn nínú ayé rẹ̀. Ká má purọ́, ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ kò tó o. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lé èjìká dé ẹnu ọ̀nà ilé. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Adìyẹ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ àgbà wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ìtàn náà tán, kò rẹ́rìn-ín.

"Èémí ta ni ó wọ inú adìyẹ yẹn?"

"Tèmi ni, Màámá."

"Adìyẹ náà dà?"

"Ọkùnrin náà gbé e lọ."

"Ó gbé e lọ," ni ìyá àgbà wí, ó sì pe ìyá Tinúọlá láti inú ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ikọ́ fée mú un tí ó fi ń dún bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé àdúrà. Wọ́n fi omi wẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí ó gbààwẹ̀, wọ́n kígbe lé e lórí pé kí ẹni tí ó mú nǹkan ọmọ yìí dá a padà. Ikọ́ náà kò lọ. Ìyá Adìyẹ kò jẹ́ orúkọ ẹ̀fẹ̀ mọ́. Tinúọlá dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé apá kan nínú èémí òun wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń rìn kiri ayé. Ó fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ nítorí pé ìlà ìkẹyìn nínú orin kì í bá èémí rẹ̀ nílé. Kì í ṣe pé kò mọ Ọlọ́run. Ó mọ̀ dájú pé Ẹlẹ́dàá ni ó mí sí ihò imú Ádámù, pé kò sí ọmọ ènìyàn tí ó ń fi èémí tọrẹ. Ó mọ èyí ní ọjọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí ikọ́ bá ká a mọ́ orí ibùsùn, adìyẹ yẹn ni ó máa ń rí, tí ó ń mi orí.

"Ìyá Lawrence, oògùn rẹ dà?"

Bámijókò ni. Ó ti tẹ̀lé e jáde, ó fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Ilé adìyẹ gígùn kan wà ní ẹ̀yìnkùlé náà lábẹ́ igi ọsàn, òkè Olósùnta sì dúró lókè òrùlé àwọn ará àdúgbò bí àgbàlagbà tí ń gbọ́ ẹjọ́.

"Oògùn wà nínú báàgì mi. Bàbá Lawrence, ẹ jẹ́ kí a máa lọ sílé."

"Ilé wo? Ṣé etí rẹ kò gbọ́ iyán tí wọ́n ń gún ni?"

"Òun ni."

"Òun ta ni?"

"Purofẹ́sọ̀."

Ó gba Bámijókò ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ là. "Purofẹ́sọ̀ Kàyéfì? Èyí tí ó... Háà! Mo rò pé ó ti kú! Èmi náà wò ó ní Ògòtún, nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó yọ ṣílè kan láti inú imú hẹdimásítà wa! Ìyá Lawrence, imú hẹdimásítà! A kò lè wo ojú bàbá yẹn mọ́ fún oṣù kan..." Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà náà ni ó rántí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rín náà sì ṣá lójú rẹ̀. Ó ti mọ ìtàn adìyẹ náà láti ìgbà tí ó ti ń wá a wá sílé. "Má bínú," ni ó wí.

"N kò ní jẹ́ kí ọmọ mi wọ ilé ẹni tí ó mú nǹkan lára mi. Kí a tó fi ọwọ́ kan oúnjẹ wọn, ẹ jẹ́ kí a lọ."

"Lawrence ńkọ́? Ọmọ yẹn kò jẹun láti àná nítorí ayọ̀."

"Á jẹun bí a bá délé."

"Tinú." Kì í sábà pe orúkọ náà. "Ọmọbìnrin yẹn kúnlẹ̀ kí ọ, ó sì mú báàgì lọ́wọ́ rẹ kí o tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí ni òun ṣe?"

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, àwọn onílé méjèèjì sì jáde wá: Alàgbà Bámigbóyè, gíga rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, irun orí rẹ̀ funfun, àti Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí iyán ṣì lẹ̀ mọ́ ìgùnpá rẹ̀.

"Ẹ wọ ulé, àna mi," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. "Oòrùn ń pa yín. Àbí a ṣe yín ní nǹkan?"

Tinúọlá kò wo obìnrin náà. "Ẹ̀yin ni Purofẹ́sọ̀ Kàyéfì."

Àbẹ̀kẹ́ ni ó kọ́kọ́ lu ọwọ́ pọ̀. "Mo sọ fún un! Mo ní kí ó fi ọwọ́ ènìyàn ṣí obì fún àwọn àlejò. Láti ìgbà tí tẹlifíṣàn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ti wà nílé, kò tíì lè ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo láìdúró kí a pàtẹ́wọ́ fún un."

Ṣùgbọ́n ojú bàbá àgbà náà ti tàn. Ọrùn rẹ̀ nà. "Níbo ni ẹ ti wò mí?" ni ó béèrè, bí ẹni tí ń béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ kan tí ó ti rìn jìnnà.

"Ìlawẹ̀. Èmi ni ọmọ tí ẹ ní kí ó mí sí ẹyin."

"Ìlawẹ̀..." Ó wò ó, ó mi orí jẹ́jẹ́. "Ẹ foríjì mí. Àwọn ọmọ tí wọ́n mí sí i pọ̀."

"Wọ́n pọ̀?"

"Ìlú tí mo bá dé náà ni mo ti ń mú ọ̀kan."

Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ó ti rò nípa ọkùnrin yìí, Tinúọlá kò rò ó rí pé òun kọ́ ni òun nìkan. Ó dùn ún. Ó yà á lẹ́nu bí ó ti dùn ún tó.

"Èémí tí ó jẹ́ tèmi," ni ó wí, "ẹ dá a padà fún mi kí a tó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kankan."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí i pé Bámijókò ń wo ilẹ̀, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Tóyọ̀sí, ẹ mú Bàbá Lawrence wọlé, ẹ fún wọn ní ohun tútù. Èmi àti àna mi ń bọ̀."

Nígbà tí ó ku àwọn méjèèjì, ó fa àga onígi kan jáde fún un lábẹ́ igi ọsàn, òun jókòó sórí agbọ̀n tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé.

"Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ni ó wí, "n kì í ní kí ẹnikẹ́ni mí sí nǹkan. Màá gbé ẹyin, màá bò ó, màá ṣí i, adìyẹ! Mo rò pé ó tó. Mo gbé e dé Ìṣẹ̀, ọmọkùnrin kan dìde láàrin èrò, ó ní, 'Inú àpò ni ó fi adìyẹ sí!' Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín mi jáde. Ìyá Lawrence, òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Inú àpò ni mo fi í sí."

"Inú àpò."

"Mo padà sílé, n kò lè jẹun. Ní ọjọ́ Ìsinmi mo jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, katikíìsì wa ń wàásù lórí bí a ṣe dá ènìyàn. Ó ní Ọlọ́run bu erùpẹ̀, ó mọ ọ́n. Ó dé ibi tí Ọlọ́run ti mí sí i nímú, ó sì dákẹ́. Bàbá yẹn dákẹ́! Àwọn ìkókó dákẹ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ojú kan tí kò wà ní ẹnu rẹ̀. Bí olè bá wọlé gbé àwo ọrẹ lọ lásìkò yẹn, kò sí ẹni tí ó máa rí i." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Láti ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni mo ti ń ní kí ọmọ kan mí sí i. Adìyẹ kan náà, àpò kan náà. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ àpò mọ́."

"N kò gbà yín gbọ́. Ẹ ṣe é kí n rí i. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀, ẹ má dúró, ẹ má pe orúkọ mi. Ẹ kàn ṣe é."

Ó ṣe é. Ó wọ inú ilé adìyẹ, ó mú ẹyin kan àti òròmọdìyẹ kan jáde. Ó fi han Tinúọlá bí wọ́n ṣe ń fi òwú tẹ́ àpò kékeré kan nínú aṣọ, kí ó móoru, kí ó ṣókùnkùn, kí adìyẹ lè rò pé abẹ́ ìyá òun ni òun wà, kí ó sì sùn. Ọwọ́ rẹ̀ ti le. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹyin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ sórí bàtà rẹ̀. Ìgbà kejì, Tinúọlá rí i: ẹyin yọ̀ wọ inú apá aṣọ, àtàǹpàkò ti adìyẹ jáde lábẹ́ aṣọ ìnujú, ó tán. Adìyẹ náà ké, ó sì yàgbẹ́ sí ọwọ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀ alàgbà.

"Ìyẹn náà ni?"

"Ìyẹn náà ni."

Ó jókòó, ó ń retí kí ara tù ú. Ohun tí ó bá a kò jọ ìtura. Ó dà bí ẹni tí wọ́n mú padà sí gbọ̀ngàn yẹn ní ọ̀sán gangan, tí wọ́n ti ká gbogbo aṣọ fèrèsé kúrò, tí ó sì rí àwọn bẹ́ǹṣì, àti ògiri tí ọ̀dà ti ń bó, àti ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ikọ́ mi ńkọ́?" ni ó wí.

"Ṣé ẹ kò wúkọ́ rí kí n tó dé ìlú yín?"

Ó la ẹnu láti sọ pé rárá. Nígbà náà ni ó rántí ọwọ́ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú epo tí wọ́n yọ́ gbóná, tí ó ń fi ra á láyà ní àkókò ọyẹ́, nínú yàrá ilé wọn àtijọ́, ilé tí wọ́n ti kó kúrò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ó ti gbàgbé. Ìyá rẹ̀ náà ti gbàgbé. Ó rọrùn láti bá ọkùnrin kan tí ó wọ kóòtù dúdú jà ju kí ènìyàn bá ọyẹ́ jà lọ.

"Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ nípa mi nílùú? Wọ́n fi omi tútù wẹ̀ mí láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ní mo ti fi ìdajì ara mi fún adìyẹ."

Bàbá náà ń fi ewé nu ọwọ́. Ó dáwọ́ dúró. "N kò mọ̀," ni ó wí. "A kì í sùn sí ìlú tí a bá ti ṣeré. Bí àtẹ́wọ́ bá tán, a ti dé ojú ọ̀nà." Ó ju ewé náà sílẹ̀. "Mo rò pé inú gbọ̀ngàn ni àwọn ọmọ máa ń fi idán náà sílẹ̀ sí, Ìyá Lawrence. N kò mọ̀ pé wọ́n máa ń gbé e lọ sílé."

Kò sí ẹ̀tàn nínú ohùn rẹ̀. Wọ́n ti gún iyán tán nínú ilé. Ẹ̀rín Lawrence gba ojú fèrèsé jáde, ẹ̀rín tí ọmọ náà kì í rín nílé. Tinúọlá gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá dìde nísinsìnyí tí òun sì ní kí àwọn lọ, ẹ̀rín yẹn kò ní tẹ̀lé wọn dé Ìlawẹ̀.

"Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i," ni ó wí.

"Ẹ ti rí i tán."

"Mo rí adìyẹ. Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ṣe é nígbà náà. Níwájú gbogbo wọn."

Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó dìde láti orí agbọ̀n, ó sì dà bí ẹni pé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń gùn sí i bí ó ti ń dìde.

Àbẹ̀kẹ́ ráhùn pé iyán yóò tutù, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ fa aṣọ ojú fèrèsé pa pọ̀, kò sì dúró kí wọ́n júwe rẹ̀ fún un. Ọmọ́tóyọ̀sí jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀bá ẹsẹ̀ Lawrence. Ẹ̀yìn ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n bí i. Ìtàn ni ó gbọ́, kò fi ojú rí i rí. Bámijókò fa àga rẹ̀ súnmọ́ iwájú. Tinúọlá lọ jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Bàbá náà wọlé pẹ̀lú agbádá tí ó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sọ̀rọ̀. Ó dúró.

Ó dúró títí aago ara ògiri fi di ohun tí ènìyàn ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí. Ìwọ tí o wà lẹ́yìn."

Gbogbo orí yí padà. Obìnrin tí ó ti tó ìyá ọkọ dìde, ó sì rìn láàrin wọn lọ sí iwájú. Ó ti pinnu ohun tí yóò ṣe: ọwọ́ òsì ni yóò máa wò. Ó mọ ibi tí àpò wà. Ó mọ ibi tí àtàǹpàkò yóò gbà. Bàbá náà gbé ẹyin lé e lọ́wọ́, ẹyin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gbé e sókè kí àwọn ènìyàn rí i. Ó gbà á, ó fi aṣọ bò ó.

"Kí ni orúkọ rẹ?"

"Tinúọlá, sà." Kò mọ ìgbà tí ó sọ sà.

"Tinúọlá," ni ó wí, bí ẹni tí ń tọ́ oyin wò. "Ẹyin kò ní èémí. Ìwọ ní. Mí sí i."

Ó gbìyànjú. Ọlọ́run mọ̀ pé ó gbìyànjú láti wo ọwọ́ òsì. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kọ̀. Ó wà lára aṣọ funfun náà, níbi tí ẹyin ti ṣe gọngọ sókè, òun nìkan ni ó sì wà láyé tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Ó fa afẹ́fẹ́ sínú. Ó gbé ojú sókè díẹ̀ kí ó tó mí, ó sì rí ohun tí kò rí ní Ìlawẹ̀, nítorí pé ọmọdé ni nígbà náà, ẹ̀yìn ni ó sì kọ sí èrò. Kò sí ẹni tí ó ń wo bàbá náà. Bámijókò, ẹni tí ó ti ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ wọn, la ẹnu sílẹ̀, ó ń wò ó. Lawrence ń wò ó. Ọmọbìnrin náà ti di etí ṣòkòtò Lawrence mú, ojú rẹ̀ kún fún ìrètí, ó ń wo ẹnu obìnrin tí yóò di ìyá ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé ohun gbogbo ti ibẹ̀ ń bọ̀.

Tinúọlá mí sí i. Èémí náà gùn ju bí ó ti rò lọ.

Aṣọ mì. Adìyẹ ké. Ilé hó yèè. Fìlà já bọ́ lórí Bámijókò, kò sì ṣà á. Àbẹ̀kẹ́, tí ó ti rí i ní ìlú tí kò lóǹkà, ń pàtẹ́wọ́. Láàrin ariwo náà Tinúọlá gbọ́ ohùn obìnrin kan tí ó ké "Háà!" ju gbogbo wọn lọ. Ohùn òun ni.

Ó gbé òròmọdìyẹ náà kúrò lọ́wọ́ bàbá. Ó kéré. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì lábẹ́ ìka Tinúọlá, ti adìyẹ náà ni, ti ara rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ Ẹni tí ó dá a. Ó gbé e lé Ọmọ́tóyọ̀sí lọ́wọ́. "Mú un padà fún ìyá rẹ̀," ni ó wí, "kí o sì bu omi wá, kí n fọ ọwọ́. Iyán ń tutù."

Òun ni ó kọ́kọ́ bu òkèlè. Bámijókò rí i, ó mí kanlẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà rẹ̀.

Ọ̀nà Ìgbàrà-Odò ni Tinúọlá àti ọkọ rẹ̀ gbà padà ní ìrọ̀lẹ́, nínú Píjò akérò àtijọ́ kan tí nọ́ńbà Oǹdó ṣì wà lára rẹ̀. Eruku ń gba fèrèsé wọlé. Tinúọlá wúkọ́, ó wúkọ́, ó gbé oògùn rẹ̀ mì, ó sì tún wúkọ́. Ikọ́ ni. Kò wá ẹlòmíràn tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Igi kòkó ń kọjá lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọn ènìyàn ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ó sì ń rántí epo gbígbóná ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó dárí ji obìnrin náà nínú ọkàn rẹ̀, ẹni tí ó ti sùn nínú Olúwa tipẹ́.

Bámijókò ti ń mú sùúrù láti Ìkẹ́rẹ́. Kò lè mú un mọ́.

"Ìyá Lawrence."

"Bàbá Lawrence."

"Ẹ̀yin méjèèjì pẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó fi hàn ọ́, àbí? Báwo ni ó ṣe ń ṣe é? Ibo ni adìyẹ yẹn ti ń wá?"

Ó yíjú sí i. Ó mọ gbogbo rẹ̀: òwú, àpò, apá aṣọ, àtàǹpàkò. Gbólóhùn kan ni yóò gbà á. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ojú àgbàlagbà tí oòrùn oko ti sun, ó sì rí ọmọ Ògòtún kan níbẹ̀ tí ó ń wo imú hẹdimásítà. Ó la ẹnu. Ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró sí ẹnu. Ìró ọkọ̀ nìkan ni ó ń dún. Ojú Bámijókò kò kúrò ní ètè rẹ̀. Àwọn èrò ẹ̀yìn ti na ọrùn. Dẹ́rẹ́bà pàápàá ti dín eré kù.

"Mo mí sí i," ni ó wí jẹ́jẹ́.